Etí, Ẹnu, Ojú àti Ọwọ́ Nínú Ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì Kan Ṣoṣo

Ọmọ tó bá wọ yunifásítì lórílẹ̀-èdè wa lónìí ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bọ̀ láti jẹ́lé-ó-sinmi. Ó ti ṣe é ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó ti ṣe é ní girama, ó ti yege nínú ti WAEC, ó sì ti ṣe ti JAMB lé e. Ẹ kọ gbólóhùn kan tí ẹ fo ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, kí ẹ to ìdáhùn mẹ́rin síwájú rẹ̀, á mú èyí tó yẹ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí olùkọ́ kan sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ fún ọmọ yìí ní ojú-ewé méjì tó ta ko ohun tí olùkọ́ sọ, kí ẹ wá ní kó kọ ibi tí òun dúró sí láàárín àwọn méjèèjì. Ọ̀pọ̀ á da ojú-ewé yẹn kọ bó ṣe wà. Àwọn mìíràn á kọ ohun tí olùkọ́ sọ, wọn ò ní dárúkọ ojú-ewé rárá. Kì í ṣe pé wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì o. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn rí ni bí a ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ kan náà láti etí dé ẹnu, láti ojú dé ọwọ́.

Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mò ń bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé ní Raji Rasaki Estate, ní Amuwo-Odofin. Gómìnà ológun tó gba ìjọba Èkó ní 1988 ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àdúgbò náà. Festac tí kò jìnnà sí i ni ìjọba àpapọ̀ kọ́ nítorí àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú tó wáyé ní 1977. Ilẹ̀ Àwórì ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ fún ìdajì wákàtí á gbọ́ Yorùbá, Ìgbò, Ẹ̀gùn, Ẹdó àti Píjìn kó tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ilé-ìwé. Àwọn ọmọ tó ń lọ sí LASU ní Ojo wà níbẹ̀, àwọn tó ń lọ sí yunifásítì àwọn olùkọ́ ní Oto-Ijanikin náà wà níbẹ̀, ìyẹn èyí tí àwa tó ti pẹ́ ládùúgbò ṣì ń pè ní AOCOED, nítorí pé 2022 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ di yunifásítì. Ọ̀nà Badagry ni gbogbo wọn ń gbà. Kíláàsì tí kò ju èèyàn bíi mélòó kan lọ, èdè abínibí inú rẹ̀ lè tó mẹ́rin tàbí márùn-ún. Nítorí náà, Gẹ̀ẹ́sì tí à ń wí yìí kì í ṣe èdè tí a fẹ́ fi bá òyìnbó sọ̀rọ̀. Òun ni ọmọ Ìgbò àti ọmọ Ẹ̀gùn fi ń jọ ṣe iṣẹ́ àṣepọ̀ tí olùkọ́ fún wọn ní Ojo.

Bí èdè yìí ṣe di ohun tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́ kò ṣòro láti rí. WAEC ní ìwé kan fún ìbéèrè aláṣàyàn, òmíràn fún àròkọ, àkàyé àti àkékúrú, ẹ̀kẹta fún ọ̀rọ̀ ẹnu. Ti ọ̀rọ̀ ẹnu yìí ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: ní Nàìjíríà, orí ìwé ni wọ́n ti ń ṣe é, ọmọ sì lè gba máàkì tó jọjú nínú rẹ̀ láìla ẹnu rárá. JAMB ní ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì 60 nínú 180 tí akẹ́kọ̀ọ́ máa dáhùn ní wákàtí méjì, kò sì sí gbólóhùn kan tí wọ́n ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Àwọn tó ń jókòó ìdánwò yìí ju mílíọ̀nù kan ààbọ̀ lọ lọ́dún. Ta ni yóò ka àròkọ wọn tán? Ohun tó burú ni pé bí ìdánwò ṣe rí ni tíṣà náà ń ṣe kíláàsì. Àkàyé lónìí, gírámà lọ́la, ọ̀rọ̀ ẹnu tó bá di ọ̀túnla, ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan kò sì bá ti ọjọ́ kejì tan. Nígbà tí wọ́n bá dé yunifásítì, wọn á bá GST 111, kóòsì Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ ọdún kìn-ín-ní kankan kò lè yẹ̀ sílẹ̀, nínú gbọ̀ngàn tí èèyàn kún bámúbámú, tí ẹni tó wà lẹ́yìn kò gbọ́ ohun tí ẹni tó wà níwájú ń sọ.

Merrill Swain, onímọ̀ èdè ará Kánádà, kọ ohun kan ní 1985 tó bá àwọn ọmọ wa mu. Ó wo àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé, tí wọ́n fi Faransé kọ́ ní ilé-ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí wọ́n ṣe ń gbọ́ Faransé, tí wọ́n sì ń kà á, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ti àwọn ọmọ tí Faransé jẹ́ èdè abínibí wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá la ẹnu tàbí mú kálámù, àṣìṣe tó yẹ kó ti kúrò lára wọn tipẹ́ á tún yọjú. Àlàyé rẹ̀ ni pé olùgbọ́ lè fi òye gbé ìtumọ̀, kó fo ohun tí kò yé e. Ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ kò rí ibi kankan fò. Ìgbà tó bá fẹ́ so gbólóhùn méjì pọ̀ ni yóò mọ̀ pé òun kò mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń so wọ́n. Ọmọ Èkó tó ń wo fíìmù òyìnbó tọ̀sán-tòru, tó ń gbọ́ ìwàásù lédè Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ ìsinmi, kò yàtọ̀ sí wọn. Ẹ tún fi ìwé kún ìwé fún un láti kà, ẹ kò tíì mú un kúrò níbi tó wà.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mò ń ṣe ni pé mo ń wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó lè gbé wa fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ ní nǹkan láti sọ lé lórí, tí àríyànjiyàn sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tírélà ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni tó bá ti gba Mile 2 kọjá rí kò nílò àlàyé. Fún ọdún gbọọrọ ni tírélà àti táńkà tó ń lọ sí èbúté Apapa àti Tin Can fi to lọ rẹrẹ sórí ọ̀nà márosẹ̀, tí ọmọ tó ní ìdánwò láàárọ̀ á sọ̀ kalẹ̀ nínú dánfó, á máa fẹsẹ̀ rìn. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2021, NPA, àjọ tó ń bójú tó èbúté, bẹ̀rẹ̀ ìlànà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n sọ ní orúkọ Yorùbá, Ètò: onítírélà á kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, á sanwó, á sì dúró sí páàkì títí wọn yóò fi pè é wọlé. Ọ̀nà náà fúnra rẹ̀, láti Apapa gba Oshodi dé Oworonshoki, ilé-iṣẹ́ Dangote ló gba iṣẹ́ rẹ̀ ní 2018. Kọnkéré ni wọ́n dà sí i, wọ́n sì yọ owó iṣẹ́ náà nínú owó orí tó yẹ kí ilé-iṣẹ́ yẹn san fún ìjọba. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ó rí èdè ìjọba, ẹ ó rí èdè oníṣòwò, ẹ ó rí èdè ẹni tí inú ń bí. Ìwé wo ló tún ní gbogbo rẹ̀ pọ̀ báyìí?

Lọ́jọ́ tí a bá bẹ̀rẹ̀, mi ò ní pín ìwé kankan. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ ìpínrọ̀ kan nípa Ètò, bí ọ̀rọ̀ 100, mo sì ń kà á bí ẹni ń ka ìròyìn, láìfà á. Ní ìgbà àkọ́kọ́, kálámù kálukú wà lórí tábìlì. Ní ìgbà kejì, wọ́n lè kọ ọ̀rọ̀ tó bá bá wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n mi ò rọra kà á débi tí ẹnikẹ́ni á fi rí gbólóhùn odindi kọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kóra jọ ní mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n á fi ohun tí kálukú rí mú tún ìpínrọ̀ náà tò. Ruth Wajnryb, olùkọ́ kan ní Ọsirélíà, ló kọ ìwé lórí ọ̀nà yìí ní 1990. Dictogloss ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe dictation àtijọ́ ẹ má ṣe rò pé ohun kan náà ni. Níbi dictation, ọ̀rọ̀ lè ti etí bọ́ sí ọwọ́ láìgba inú orí kọjá. Níbí, èèyàn mẹ́ta ni yóò jà sí i kí gbólóhùn kan tó jáde.

Ohun tí wọ́n ń rí mú kò yà mí lẹ́nu: Mile 2, NPA, tírélà, owó. Ohun tó ń jábọ́ ni àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ń jẹ́ kí ìpínrọ̀ dúró: although, unless, by the time. Nígbà kan, gbólóhùn kan nínú ìpínrọ̀ mi sọ pé "Drivers who had not booked were turned back at Mile 2." Ẹgbẹ́ kan kọ ọ́ báyìí: "Drivers who did not book turned back at Mile 2." Ọmọkùnrin tó ń bá wọn kọ ọ́ kò rí àléébù kankan níbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, nǹkan kan náà ni."

"Nínú tiyín, ta ló pinnu pé kí ọkọ̀ padà?"

"Àwọn awakọ̀ ni, sà."

"Nínú tèmi ńkọ́?"

Ó tún gbólóhùn méjèèjì kà. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló dáhùn: "Wọ́n dá wọn padà ni, sà. Kò wù wọ́n láti padà."

Ọmọkùnrin yẹn mọ òfin gírámà tó wà níbẹ̀ dáadáa. Bí mo bá béèrè rẹ̀ nínú ìdánwò aláṣàyàn, á gbà á. Ohun tí kò tíì hàn sí i ni pé bí òun ṣe yọ ọ̀rọ̀ kékeré kan kúrò, òun ti sọ ẹni tí wọ́n lé padà di ẹni tó fínnú fíndọ̀ yí ọkọ̀ rẹ̀ padà. Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yẹn, kò sí ìdí láti kọ òfin sójú pátákó.

Ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé Yorùbá ni wọ́n fi dá mi lóhùn nínú kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì. Mo gbà wọ́n láyè. Tí wọ́n bá ń ronú, tí wọ́n ń ṣe awuyewuye, kí wọ́n lo Yorùbá, Ìgbò tàbí Píjìn. Ohun tí wọ́n bá gbé síwájú kíláàsì ló gbọ́dọ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn òbí kan kò fẹ́ràn èyí. Mo máa ń rán wọn létí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modakeke. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ lédè Yorùbá, tí olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò kéré sí ti àwọn tí wọ́n yára fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Síbẹ̀, ilé-ìwé ṣì wà ní Èkó yìí tó ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀. Ó yé mi pé wọ́n fẹ́ kí ọmọ já fáfá; ṣùgbọ́n ọmọ tó ń bẹ̀rù ìtanràn á kàn panu mọ́ ni.

Lẹ́yìn etí ló kan ojú. Ojú-ewé mẹ́ta ni mò ń pín, wọn kò sì dọ́gba. Ọ̀kan sọ ọ̀rọ̀ bó ṣe rí lójú àwọn aláṣẹ èbúté, èkejì bó ṣe rí lójú awakọ̀ tó ti sùn sábẹ́ ọkọ̀, ẹ̀kẹta bó ṣe rí lójú ẹni tó ń gbé Festac tí kò lè jáde nílé. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ gba ọ̀kan péré, kò sì gbọ́dọ̀ fi han ẹlòmíràn. Ó gbọ́dọ̀ kà á yé ara rẹ̀, kó gbé ìwé kalẹ̀, kó wá fi ẹnu sọ ọ́ fún àwọn méjì yòókù. Ọdún 1971 ni Elliot Aronson, onímọ̀ ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, bẹ̀rẹ̀ irú èyí ní ìlú Austin ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń da ọmọ funfun, ọmọ dúdú àti ọmọ Mẹ́síkò pọ̀ sí kíláàsì kan náà, tí wọn ò rójú ara wọn. Àǹfààní ọ̀nà yìí ni pé kò sí ẹni tó lè sá pamọ́. Ọmọ tó máa ń jókòó sẹ́yìn tí kì í sọ̀rọ̀, òun nìkan ló mọ ohun tí awakọ̀ sọ. Ìyókù ẹgbẹ́ á bi í ní ìbéèrè títí yóò fi sọ ọ́ kó yé wọn.

Ẹnu gan-an ní ìdárayá tirẹ̀, tí Paul Nation, ọ̀jọ̀gbọ́n ará New Zealand, jẹ́ kó gbajúmọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á sọ èrò rẹ̀ fún ẹnì kan fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Á yíjú sí ẹlòmíràn, á sọ ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Á tún yíjú sí ẹnì kẹta, ìṣẹ́jú méjì péré, kò sì gbọ́dọ̀ yọ kókó kankan. Ìgbà àkọ́kọ́ máa ń kún fún ìdádúró àti "ẹ̀ẹ̀mù". Tó bá fi di ẹ̀ẹ̀kẹta, gbólóhùn ti ń wá fúnra rẹ̀. Olùgbọ́ ni a ń pààrọ̀, nítorí ẹni tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í tẹ́tí mọ́, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sì máa ń mọ̀.

Àkókò yìí ni mo ń fetí sí bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Yorùbá ń fún sílébù kọ̀ọ̀kan ní àyè àti ohùn tirẹ̀; Gẹ̀ẹ́sì ń fi agbára pe ọ̀kan, ó ń gbé ìyókù mì. Kọ́ńsónáǹtì méjì kì í sì sùpọ̀ nínú sílébù Yorùbá, ìdí nìyẹn tí fáwẹ́lì fi ń yọ́ wọ inú "trucks". Mi ò lépa ohùn ará Lọ́ńdọ̀nù. Bí ọmọ Ìgbò tó wà níwájú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá gbọ́ ọ yé láìní kó tún un sọ, ó ti tó. Ibi tí mo ti ń dá wọn dúró ni àwọn ọ̀rọ̀ tí ibi tí a fi agbára sí lè sọ wọ́n di ọ̀rọ̀-ìṣe tàbí ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀ èbúté sì kún fún wọn: import, export, permit, transport, record.

Kíkọ ló kẹ́yìn, òun ló sì le jù. Nígbà tí wọ́n gbé TOEFL, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tí kì í ṣe èdè abínibí wọn, jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2005, iṣẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ojú-ewé kan, kó gbọ́ olùkọ́ kan tó ń sọ̀rọ̀ lórí ohun kan náà, kó wá kọ bí ọ̀rọ̀ olùkọ́ ṣe kan ohun tó kà. Èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àfikún kan: akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ sọ ta ni òun gbà gbọ́, kó sì sọ ìdí. Ibí ni àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù ti ń ṣubú. Wọ́n á kọ pé "The Eto system ended the gridlock" bí ẹni pé ojú wọn ló ṣe, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ NPA ni, àwọn awakọ̀ kò sì gbà bẹ́ẹ̀.

Mo ń wò ó pé ọmọ Yorùbá kì í ṣe báyìí lẹ́nu. Bó bá ń sọ ìjà tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò, á ní "wọ́n ní", á ní "ó jọ pé", á sì búra nígbà tó bá dé ibi tó ṣe ojú òun. Ọgbọ́n yìí gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì yunifásítì ń béèrè, a kàn máa ń gbàgbé rẹ̀ sílé ni. Nítorí náà, níbi tí mo bá ti rí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, ohun tí mò ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé kò ju "Ìṣojú ẹ ni?" lọ. Àwọn ọmọ Ìgbò nínú kíláàsì ti mọ̀ ọ́n, wọ́n á máa fi bi ara wọn.

Mi kì í fi báírò pupa kun gbogbo ìwé. Ohun mẹ́ta ni mò ń wò nínú àkọ́kọ́: ṣé ó sọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀, ṣé gbólóhùn kan fa èkejì, ṣé ó sọ ibi tó dúró sí. Wọ́n á tún un kọ kí n tó fún un ní máàkì kankan. Àmì àti sípẹ́lì dìgbà kejì.

Ẹni tó ń kọ́ GST nínú gbọ̀ngàn ńlá á ní kíláàsì kékeré ló ń ṣe mí. Òótọ́ ni pé kò lè ka ìwé gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n yíyíjú sí ẹnìkejì láti sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, mẹ́ta, méjì kò nílò ju aago kan lọ, bí èèyàn ṣe wù kó pọ̀ tó. Ìpínrọ̀ kan tí wọ́n kà lórí gbohùngbohùn tó fún gbogbo gbọ̀ngàn, ẹgbẹ́ márùn-ún márùn-ún sì lè fi ìwé kan ṣoṣo sílẹ̀. Ní ti yàrá tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ gbọ́ ohùn sí, iná wa kò jẹ́ kí n ronú kàn án. Ẹnu mi ni ẹ̀rọ, fóònù àwọn ọmọ sì ń gba ohùn wọn sílẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ tún ara wọn gbọ́.

Nígbà tí ìdánwò bá ku díẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìbéèrè àtẹ̀yìnwá kiri, nítorí ìdánwò GST ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ṣì jẹ́ aláṣàyàn lórí kọ̀ǹpútà. Mi ò bá wọn jà. Àwọn ni mo ń ní kí wọ́n ṣe ìbéèrè náà. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á mú ìpínrọ̀ kan nínú ọ̀rọ̀ tírélà, á kọ ìbéèrè lé e pẹ̀lú ìdáhùn mẹ́rin mẹ́rin. Èyí tó tọ̀nà kì í pẹ́ kọ. Mẹ́ta tí kò tọ̀nà, tó sì gbọ́dọ̀ jọ òótọ́, ló ń gba àsìkò, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹlẹgbẹ́ wọn lè ṣìnà gbà. Wọ́n á pààrọ̀ ìwé, wọ́n á dáhùn. Ẹgbẹ́ tó bá ní ìdáhùn méjì ló tọ̀nà á dìde, á fi Gẹ̀ẹ́sì gbèjà ara rẹ̀ níwájú gbogbo kíláàsì. Nígbà mìíràn, àwọn ló máa ń jàre, a ó sì yọ ìbéèrè náà kúrò.